Oògùn Tó Jí Ọwọ́ Filimone

Melbourne
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, 1987

Bàbá mi Uaisele,

Mo kí yín o, mo kí ìyá mi Seini, mo kí gbogbo ará Faleloto ní erékùṣù wa. Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Lẹ́tà tí ẹ fi sọ pé àbúrò mi Filimone já bọ́ láti orí igi àgbọn, tó sì fi orí gbalẹ̀, mo kà á títí bébà fi ya níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ po. Lọ́jọ́ tí mò ń kúrò nílé, èjìká kan ṣoṣo ló fi gbé àpótí mi dé èbúté, kò sì mí gúlegúle. Ẹni yẹn lẹ wá ń sọ pé apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé e, tí ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ju "áà, áà" lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìhín. Mo ti kúrò níbi tí a ti ń pa adìyẹ. Ẹ máa fi iṣẹ́ mi tuntun rẹ́rìn-ín: eku ni mò ń tọ́jú. Ilé ìwádìí ni. Ọ̀gá wa, Dókítà Halloran, obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, á fi oògùn kun eku lóorun, á ṣí orí rẹ̀ díẹ̀, á sì ṣe ibì kan léṣe nínú ọpọlọ rẹ̀. Tí eku náà bá jí, ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgbà náà la óò wá máa gún wọn ní oríṣiríṣi oògùn, ká lè wo èyí tó máa gbé wọn dìde. Èmi ló ń gbé wọn sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí mo sì ń kọ iye ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn yẹ̀.

Ọ̀kan wà tí mò ń pè ní Olóyè torí pé kì í bá àwọn yòókù jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wọ́ ẹsẹ̀ bí àkísà. Lọ́jọ́rú, a gún un ní oògùn kan. Kò tó wákàtí kan, Olóyè rìn lórí igi yẹn dé òpin! Mo pariwo débi pé wọ́n sáré wá láti yàrá kejì. Ẹ sọ ọ́ fún Filimone, bóyá á rẹ́rìn-ín.

Ọmọ yín,
Akosita


Faleloto, Ha'apai
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin, 1987

Akosita ọmọ mi,

A dúpẹ́ pé ara rẹ le. Ọkọ̀ gbé lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Pásítọ̀ kí ọ. Iṣu ti ta dáadáa lọ́dún yìí, àmọ́ èmi nìkan ni mò ń wà á, o mọ ẹni tí a jọ ń wà á tẹ́lẹ̀.

Egbò ti jáde ní ẹ̀yìn Filimone látàrí àdùbúlẹ̀. Ìyá rẹ ń gún kókò fún un bíi ti ọmọ ọwọ́, ìdajì á sì dà sí i láyà. Tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá lójú ọ̀nà, á máa sunkún láìsí ariwo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Mo ka ìtàn eku rẹ fún ìyá rẹ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó wá ní, "Uaisele, ta ni eku yẹn bẹ̀ tí wọ́n fi wò ó sàn?"

Ìwọ wá èsì fún un.

Bàbá rẹ


Melbourne
Ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún, 1987

Bàbá mi, ìyá mi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa ọ̀rọ̀ yìí, kí n má tiẹ̀ kọ ọ́ ni ì bá dáa.

Mo lọ bá Dókítà Halloran. Mi ò sọ ti Filimone, mo kàn ní, "Ṣé a lè fún èèyàn ní oògùn yìí?" Ó gbé ìwé tó ń kà sílẹ̀. Ó ní, "Rárá o, Akosita. A ò tíì mọ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Eku tó rìn lónìí, a ò mọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe máa rí lọ́dún tó ń bọ̀." Bó ṣe wò mí, ó dà bíi pé ó mọ ohun tó wà nínú mi.

Ìyá mi, kò sẹ́ni tó tíì gbé e mì rí láyé. Abẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló wà. Tí wọ́n bá ká mi mọ́ ọn, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á lé mi kúrò nílùú. Ẹ máa nà án lápá àti lẹ́sẹ̀ láràárọ̀. Ẹ máa yí i padà kí egbò lè jinná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún béèrè.

Akosita


Faleloto
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà, 1987

Akosita,

Mi ò kí ọ. Ìyá rẹ ló ní kí n má kí ọ.

Nílẹ̀ wa, arábìnrin ni orí fún arákùnrin rẹ̀. Kò lè jókòó níbi tí o bá jókòó sí, kò lè fi ọ́ ṣeré, nítorí ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ yẹn, kí lo rò pé wọ́n dá a sílẹ̀ fún? Ọjọ́ tí yóò nílò rẹ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ọjọ́ yẹn ló dé yìí.

Lupe àbúrò mi ń bọ̀ wá sí Melbourne fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, yóò sì padà lóṣù Keje. Ohun tí o bá ní fún wa, fi lé e lọ́wọ́. Bí o kò bá ní nǹkan kan, kó ẹní tí ìyá rẹ hun fún ọ nígbà tí ò ń lọ, kí o fún un kó gbé e padà wá. Ìyá rẹ ní òun máa fi wé ọmọ òun lọ́jọ́ tó bá kú.

Uaisele


Melbourne
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje, 1987

Bàbá mi,

Ìgò kékeré tí Àǹtí Lupe fi sáàárín àwọn aṣọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tí Dókítà Halloran lọ jẹun ọ̀sán ni mo gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ló kó kọ́kọ́rọ́ fún mi lóṣù tó kọjá, ó ní òun fọkàn tán mi. Mi ò ráyè bù nínú rẹ̀, odidi ìgò ni mo gbé. Wọ́n ti ń wá a. Wọ́n rò pé wọ́n ṣì í kà ni.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìyẹ̀fun ni kí a tó pò ó fún abẹ́rẹ́; èyí tó bá dúró lórí ìdí ṣíbí ni kẹ́ ẹ pò mọ́ omi àgbọn fún un, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti mu ún, ẹ gbé e dìde, kẹ́ ẹ mú un rìn, ì báà máa ké. Àwọn eku tí a gún tí a sì dá padà síbi tóóró tí wọn kò ti lè rìn, kò ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Oògùn yẹn kì í woni sàn fúnra rẹ̀, ńṣe ló ń ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ẹni náà ló máa wọlé. Tó bá ti di ìgbà kẹwàá, ẹ da ìyókù sókun. Ẹ má sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má sọ fún pásítọ̀.

Bí ẹ bá rí ohunkóhun tí kò yé yín, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹní ìyá mi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Akosita


Faleloto
Ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, 1987

Akosita ọmọ mi, ọmọ rere, ọmọ tí mo bí tó bí mi padà!

Mo kí ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá! Ìyá rẹ náà kí ọ, ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà pé òun kí ọ.

Ìgbà àkọ́kọ́, a ò rí nǹkan kan. Ìgbà kejì, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé e wọnú òkun dé ìbàdí, ká lè mú un rìn láìjẹ́ pé ó ṣubú lulẹ̀. Mo gbé apá rẹ̀ tó rọ kọ́ ọrùn mi. A rìn lọ, a rìn bọ̀. Àfi gbìì tí nǹkan fà mí létí! Mo rò pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣéré lo rò pé a wá ṣe?" Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ mi méjèèjì rèé." Filimone ni! Ọwọ́ ọ̀tún Filimone ló di etí mi mú, tí kò sì fẹ́ jù ú sílẹ̀!

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a gbé e jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ ń kọjá. Filimone ní, "Ìyá." Akosita, ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbàgbé ẹja tó wà lórí iná, ẹja jóná di èédú, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ tínú rẹ̀ ń dùn


Melbourne
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án, 1987

Bàbá mi,

Ẹ DÁ OÒGÙN NÁÀ DÚRÓ. Tí ẹ bá ti ka ìlà yìí, ẹ dìde, kẹ́ ẹ lọ dà á nù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ka ìyókù.

Àná ni lẹ́tà ayọ̀ yín dé, mo sì jó nínú yàrá mi. Lónìí mo lọ fún àwọn eku lóúnjẹ. Olóyè le gbagidi lórí igi tó fi ń ṣeré, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ojú rẹ̀ funfun báláú. Gìrì ni. Ó jáwọ́, ó tún mú un. Ìgbà kẹta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo pe Dókítà Halloran nílé, ó wá. Ó ní àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní yàrá kejì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Olóyè tó ń gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lo oṣù mẹ́fà. Àwọn tó ń gbà á lójoojúmọ́ kò lo oṣù mẹ́ta.

Ó gún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ tó ń pa gìrì. Gìrì náà rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé wọn sórí igi, wọ́n já bọ́ bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ìrìn tí wọ́n ti rí gbà padà ló lọ.

Ẹ dà á nù. Mo bẹ̀ yín.

Akosita


Faleloto
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 1987

Akosita,

Ṣé kò sí láburú? Láti oṣù Keje, a ò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣé o ṣì ń bínú sí wa ni? Ìyá rẹ ní o ti di òyìnbó.

Tí o bá rí àbúrò rẹ báyìí, wàá pariwo ju bí o ṣe pariwo fún eku lọ. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ọ̀rọ̀ ń jáde, ó kàn ń wá a díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ni. Tí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ gba lẹ́tà ní èbúté, kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun lọ. Á padà dé, á ní, "Kò sí. Kò sí nǹkan." Mo ní, "Ṣé o wò ó dáadáa?" Á ní, "Kò sí, Bàbá."

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tí o wí, ó ti pọ̀ sí i díẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń lò ó báyìí. Òun ló béèrè fún un, ṣebí ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ̀wé o.

Bàbá rẹ


Melbourne
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹwàá, 1987

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín bà mí lẹ́rù. Ojoojúmọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé pé kẹ́ ẹ dá a dúró, èyí ni ìkẹrin. Níbo ni wọ́n ń gbà lọ? Bóyá ilé ìfìwéránṣẹ́ olú ìlú wa, Nuku'alofa, ni wọ́n há sí. Bóyá wọ́n ń já bọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù láti inú ọkọ̀. Mo tiẹ̀ ro ohun búburú kan lẹ́ẹ̀kan, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Filimone ò lè fọwọ́ kan ìwé tí mo lẹ̀ pa. Ó bọ̀wọ̀ fún mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wù mí kí n tẹ wáyà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀bù ni ọkùnrin tó ń gba wáyà ti máa ń kà á sókè, gbogbo erékùṣù á gbọ́ pé olè ni mí, ọ̀rọ̀ náà á sì dé ìhín. Eku méjìdínlógún ló ti kú. Dókítà Halloran ti dá gbogbo iṣẹ́ náà dúró. Ó tún bi mí léèrè ìgò yẹn lánàá. Mo ní mi ò rí i.

Tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ ní kí pásítọ̀ fi rédíò ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ sí mi: "Iṣu ti dé." Mi ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akosita


Faleloto
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, 1987

Akosita,

O ò kọ̀wé síbẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Filimone ti ń wa ọkọ̀ lọ sókun fúnra rẹ̀. Ẹja tó ń pa, a ò jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mi ò lè sọ fún ìyá rẹ. Kì í sùn mọ́. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ẹlẹ́dẹ̀ kan dúró sójú ọ̀nà rẹ̀, ó fi ọ̀pá lù ú títí ó fi kú. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún, ó ń ní, "Kí ló dé tí kò kúrò lọ́nà? Kí ló dé tí kò kúrò?" Ọmọ mi kì í ṣe òǹrorò, o mọ̀ ọ́n.

Mo rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ti òkun dé. Ó ní òun gé ahọ́n òun jẹ níbi tí òun ti ń jẹ ẹja. Ṣé èèyàn máa ń gé ahọ́n jẹ títí ó fi la?

Ìgò ti fẹ́ gbẹ. Ìyá rẹ ní kí o fi òmíràn ránṣẹ́. Èmi ò mọ̀ bóyá kí o fi ránṣẹ́. Kọ̀wé sí mi, Akosita. Má kọ ọ́ sí ìyá rẹ.

Bàbá rẹ


Faleloto
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n mi Akosita,

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi kọ èyí. Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ ọ́. Ẹ foríjì mí bí kò bá ṣeé kà.

Kò tọ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ báyìí. Kò tọ́ kí n já ìwé yín. Mo já a. Mẹ́rin. Èyí àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á kó tó yé mi. Bàbá ò rí ọ̀kankan.

Mo mọ ohun tó ṣe Olóyè. Ó ti ń ṣe èmi náà. Ìgbà mẹ́rin. Tó bá fẹ́ dé, mo máa ń gbóòórùn èèpo àgbọn tó ń jóná, níbi tí iná ò sí. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń sáré wọ ọkọ̀, kí n lè wà níbi tí ojú wọn ò tó.

Ẹ má bínú. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dùbúlẹ̀. Mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn akọrin wá kọrin fún mi bíi pé mo ti kú. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ wà nínú wọn. Ìyá ń fọ ìdí mi nígbà tí ọmọbìnrin náà dé, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ pé kó ti ilẹ̀kùn.

Bí ó bá jẹ́ oṣù méjì ló kù, oṣù méjì tí mo fi ń rìn ni.

Ẹ má sọ fún Bàbá. Ẹ fi òmíràn ránṣẹ́.

Filimone


WÁYÀ. MELBOURNE, ỌJỌ́ KÌÍNÍ OṢÙ KEJÌLÁ, 1987
SÍ UAISELE, FALELOTO, HA'APAI

FILIMONE Ń FI LẸ́TÀ MI PAMỌ́. OÒGÙN YẸN Ń PA Á. Ẹ GBÀ Á LỌ́WỌ́ RẸ̀. Ẹ MÁ JẸ́ KÓ LỌ SÓKUN. ÈMI NI MO JÍ I NÍLÉ ÌWÁDÌÍ, MO TI SỌ FÚN WỌN. AKOSITA.


Faleloto
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá, 1987

Akosita ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ka wáyà rẹ, níṣojú èèyàn bí ogún. Ọkùnrin náà kà á dé "òkun", ó wo ojú mi. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Filimone ti jáde láti àárọ̀.

Ọkọ̀ mẹ́ta la fi wá a. Ẹ̀yìn òkúta inú òkun la ti rí i, ó da ojú bolẹ̀ sísàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ń le, ó ń rọ̀. Omi tó wà nínú ọkọ̀ kò ju ìka méjì lọ, síbẹ̀ ó ti ń wọ imú rẹ̀. Ká ní a pẹ́ sí i díẹ̀, òkú la à bá gbé.

Gìrì yẹn mú un láti ọ̀sán títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì ní àfi kí òun gún un lábẹ́rẹ́. Mo ní kó gún un. Mi ò tíì ka lẹ́tà rẹ nígbà yẹn. Ká tiẹ̀ ní mo ti kà á, ǹ bá ṣì ní kó gún un. Gìrì rọlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó fẹ́ mú ife, ọwọ́ ọ̀tún kò dìde. Ó wo ọwọ́ náà pẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e sórí itan ara rẹ̀ bí ẹni gbé ohun olóhun. Ẹsẹ̀ ṣì ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kò kọjá ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní gìrì náà ṣì lè padà wá, òun ò mọ ìgbà.

Abẹ́ ẹní rẹ̀ ni mo ti bá lẹ́tà rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, mo wá wo ẹni tí mo lè bínú sí. Mi ò rí i. Èmi ni mo kọ ìwé oṣù Kẹfà yẹn. Èmi ni mo ní kí o kó ẹní padà. Ìyá rẹ ló sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ́.

Bí wọ́n bá lé ọ níbẹ̀, máa bọ̀ nílé. Ẹni tó bá fẹ́ pè ọ́ lólè ní Faleloto, ó máa kọ́kọ́ wá bá mi.

Filimone wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ kò lọ, Ọlọ́run fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bá ajá sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí mo bi í pé, "Kí ni kí n bá ọ kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ?" Ó wo bíríò ọwọ́ mi, ó yí ojú sí òkun. Mo tún bi í. Ìyá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀.

Ó lè sọ̀rọ̀, Akosita. Èmi ni kò fẹ́ bá sọ ọ́, láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn.

Bàbá rẹ,
Uaisele